ẸSẸ̀ IWÁJÚ ỌKỌ̀ WA: BÍ A ṢE LÈ TÚN UN ṢE FÚNRA WA

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Mọ́lété, Ìbàdàn

A ò ní fi ọ̀rọ̀ gbọọrọ dá yín dúró, nítorí a mọ̀ pé ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru ni, ẹlòmíràn sì ní láti padà sí páàkì kí ó má baà pàdánù ìtò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan ẹ̀mí, ó kan àpò, ó sì kan orúkọ ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni, pàápàá ẹsẹ̀ iwájú.

Kò sí ẹni tó ń wakọ̀ láti Mọ́lété gba Bódè àti Ìdí-Arẹrẹ bọ́ sí Ọjà'ba, tó sì gòkè Mápó lọ sí Bẹẹrẹ, tí kò mọ ohun tí à ń wí. Ihò nìyí, gọ́tà nìyẹn. Òkè nìyí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà yìí láti ìdájí di alẹ́, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ló fi ń gba ìyà náà. Ẹ wo Nissan Micra tó pọ̀ nínú takisí ìlú Ìbàdàn. Irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1982. Èyí tó rí roboto tó tẹ̀ lé e jáde ní 1992, wọ́n sì fún un ní oyè Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù fún 1993. Ọkọ̀ ìdílé kékeré ni wọ́n pè é, tí tọkọtaya yóò fi lọ sọ́jà lórí ọ̀dà dídán. Àwa wá sọ ọ́ di ọkọ̀ èrò, a tún di ẹrù sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì ti lé ní ogún ọdún. Àgbà ọkọ̀ ni wọ́n. Àgbà tó bá ń ru ẹrù ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú orúnkún rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò mọ sórí Micra nìkan. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wa. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún kan náà, ó ṣì ń bẹ nínú ọgbà àwọn àgbà kan. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń ná.

Ta ló ń jẹ gbèsè rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà bó ṣe rí. Bí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta ni awakọ̀ kò fi rí owó mú lọ sílé. Owó tó ń jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ lálaalẹ́ ń retí rẹ̀ síbẹ̀. Owó iṣẹ́ wà níbẹ̀, owó páàtì wà níbẹ̀. Ẹni tó gba ọkọ̀ láwìn, tó ń san án díẹ̀ díẹ̀, tirẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn fi ń gbọ́ ariwo lábẹ́ ọkọ̀ tí yóò sì yí rédíò sókè, tí yóò ní, "Ó ṣì ń rìn."

Òótọ́ ni, ó ṣì ń rìn. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì bá yọ ni kò ní rìn mọ́. Táyà yóò ṣẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, imú ọkọ̀ yóò jókòó sílẹ̀, sítíárìn yóò sì di ohun tí awakọ̀ kàn dì mú lásán. Bó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjà'ba ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ dúpẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó ni, a ò ní fi ẹnu wa parí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn èrò tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n: ẹni tó ń lọ síṣẹ́, ẹni tó ń ti iṣẹ́ bọ̀, ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó. Ní 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì wà títí di 1983. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Federal Road Safety Corps sílẹ̀ ní 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó dá yín dúró lójú ọ̀nà lè wo ìwé ọkọ̀, ó lè wo iná àti táyà. Kò lè bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ kó mi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wò. Àwa la lè ṣe é. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí ló wà nínú ẹsẹ̀ ọkọ̀?

Ẹni tí kò mọ orúkọ egungun kò lè to eegun. Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ọkọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti di sípíríǹgì mú kó má máa jó lẹ́yìn tí táyà bá ti jáde nínú ihò. Apá ìsàlẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní lówà áàmù, ló di táyà mú kó má sá síwájú tàbí sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wà ní orí apá yẹn, ó rí gẹ́gẹ́ bí oríkèé ìbàdí èèyàn: orí roboto nínú ihò roboto, tó lè yí, tó sì lè gbé sókè sódò. Búṣìn ni rọ́bà tó wà ní ìdí apá, níbi tí apá ti so mọ́ ara ọkọ̀. Irin gbọọrọ kan so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tòsì kí ọkọ̀ má baà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi kọ́nà; líńkéèjì ni irin kékeré tó so ó mọ́ ẹsẹ̀. Táì rọ́ọ̀dù àti ráàkì ẹ́ǹdì ló ń gbé àṣẹ sítíárìn lọ sí táyà.

Nínú Micra àti 504, inú sípíríǹgì ni ṣọ́ọ̀kì wà, tí àwọn méjèèjì dúró ṣánṣán bí òpó kan. Earle MacPherson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ètò yìí. Ford lò ó fún Consul àti Zephyr tí wọ́n fi han aráyé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1950. Ìdí tó fi gbilẹ̀ ni pé páàtì rẹ̀ kò pọ̀, kò sì gba àyè. Ìjàpá kò lo sípíríǹgì roboto níwájú rárá. Irin pẹlẹbẹ tó ń lọ́ nínú ọ̀pá ló ń gbé e, ó sì fẹ́ gírísì déédéé. Àwọn ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, irú MGB tí wọ́n ṣe láti 1962 sí 1980, apá méjì ni tiwọn ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, sípíríǹgì sì wà láàrin. Àwọn náà fẹ́ gírísì, bí ẹ bá gbàgbé, ìdí ẹsẹ̀ wọn á jẹ. Ní Ìlú Ọba, àwọn tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fi òpin ọ̀sẹ̀ tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe fúnra wọn, wọ́n kà á sí fàájì. Bí ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe fàájì bá lè kọ́ ọ, kí ló dé tí ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun kò ní kọ́ ọ?

Bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀

Ọkọ̀ kì í ṣàìsọ̀rọ̀ kó tó dá ni sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ èdè rẹ̀.

Bó bá ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ nínú ihò kéékèèké, ẹ kọ́kọ́ fura sí líńkéèjì àti búṣìn. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Bó bá ń dún gbì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tí ẹ bá ṣí kúrò lójú kan, ìdí apá ti ṣí sílẹ̀. Bí sítíárìn bá ń ké nígbà tí ẹ bá ń yí i lójú kan, tí sípíríǹgì sì ń fò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wo bẹ́árìn tó wà lórí òpó ṣọ́ọ̀kì. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá yí sítíárìn dópin tí ẹ sì ń rìn ló ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ìyẹn kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Oríkèé ṣáàfù tó ń yí táyà ni. Bí táyà bá ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú nìkan tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde nìkan, ìlà táyà ti yẹ̀, ẹ má sì rò pé àlàìǹmẹ́ǹtì nìkan ló fà á. Ó lè jẹ́ búṣìn tó ti kú. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dé eré kan pàtó, ẹ lọ bá fọkanáísà tó ní ẹ̀rọ bálánsì kí ẹ tó ra páàtì kankan.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí: àwa òṣìṣẹ́ ń pàdánù owó púpọ̀ nídìí páàtì tí kò bàjẹ́ tí a lọ pààrọ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń yẹ ẹsẹ̀ wò, bí kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kan sípánà, kò sẹ́ni tó lè ta búṣìn méjì fún un níbi tí líńkéèjì kan tó.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Èyí kò gba ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, a sì fẹ́ kí gbogbo awakọ̀ ẹ̀ka yìí máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Èkíní, nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, ẹ tẹ igun iwájú kan mọ́lẹ̀ kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó dìde lẹ́ẹ̀kan kó dúró. Bó bá ń jó lọ jó bọ̀, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú. Bí òróró bá ti ṣàn sí i lára tí iyẹ̀pẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ń jò.

Èkejì, ẹ gbé iwájú sókè. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ fà á, ẹ tì í. Bó bá mì, ẹ ní kí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí ẹ tún un ṣe. Bí mímì náà bá dúró nígbà tí bíréèkì wà nílẹ̀, bẹ́árìn họ́ọ̀bù ló jẹ. Bó bá ṣì ń mì, ẹsẹ̀ ni, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì.

Ẹ̀kẹta, ẹ di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì. Bó bá ń mì báyìí, táì rọ́ọ̀dù tàbí ráàkì ẹ́ǹdì ni. Ẹ ní kí ẹnìkan máa mì ín, kí ẹ̀yin máa fi ọwọ́ kan oríkèé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ yóò sọ ara rẹ̀ fún ìka yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi irin gbọọrọ sábẹ́ táyà, ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Bí orí rẹ̀ bá ń gòkè kí apá tó tẹ̀ lé e, ó ti gbòòrò. Ẹ fi irin kan náà ti ìdí apá. Bí rọ́bà búṣìn bá ti ya, tàbí tí irin ń lu irin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ fọ́n ìmọ́lẹ̀ sí rọ́bà tó bo orí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Bó bá ti ya, omi àti iyẹ̀pẹ̀ ti wọlé. Kò tíì mì lónìí, yóò mì láìpẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà.

Kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sábẹ́ ọkọ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí lóhùn rara. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè. Kò sí fún gbígbé e dúró. Orí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í ṣe orí iyẹ̀pẹ̀. Ẹ fi igi há táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè. Bó bá ti gòkè, ẹ fi sítáàńdì irin sábẹ́ ibi tó le lára ọkọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ lé e. Ẹ ti táyà tí ẹ yọ sábẹ́ ara ọkọ̀ pẹ̀lú, pé bí ohun kan bá yẹ̀, táyà ni yóò gbà á, kì í ṣe àyà èèyàn. Ẹ má ṣe lo búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì láé. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀. Ojú kan náà ló máa ń fọ́.

Iṣẹ́ gan-an

Pípààrọ̀ líńkéèjì, apá ìsàlẹ̀ àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, iṣẹ́ tí èèyàn méjì lè ṣe láàrin àárọ̀ sí ọ̀sán ni, bí wọ́n bá ní sípánà tó péye.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fọ ìdọ̀tí kúrò lára bóòtì, kí ẹ fi epo tó ń tú ìpẹtà sí i. Bóòtì tó ti mu epo mọ́jú kì í bá ni jà. Ní àárọ̀, ẹ tú líńkéèjì, ẹ tú nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Ẹ má ṣe fi òòlù lu orí bóòtì rẹ̀ gan-an. Ìlà rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ihò tó gbé e ni ẹ óò lù, tàbí kí ẹ lo irin ìyọ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò tú bóòtì ìdí apá, apá yóò sì jáde.

Nígbà tí họ́ọ̀bù bá dá wà, ẹ má jẹ́ kó fì sóde. Nínú Micra, táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí họ́ọ̀bù bá fà jù, ṣáàfù lè yọ kúrò ní ibùjókòó rẹ̀. Ẹ so ó. Bí ẹ bá ní láti tú bíréèkì, ẹ fi wáyà gbé e kọ́. Ẹ má jẹ́ kó rọ̀ sórí ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì.

Nígbà tí ẹ bá ń da apá tuntun padà, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, òun ló sì ń pa búṣìn tuntun. Ẹ fi bóòtì ìdí apá sí i, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fún un pa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ẹ da táyà padà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ bọ́ sórí ẹsẹ̀, ẹ mì í díẹ̀, kí ẹ tó fún bóòtì náà pa. Bí ẹ bá fún un lókè, rọ́bà búṣìn á lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá délẹ̀, lílọ́ náà ni yóò wà títí lọ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya. Lẹ́yìn náà ni a ó máa bú ẹni tó tà á fún wa.

Nọ́ọ̀tì tó ń ti ara rẹ̀, ẹ má lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Píìnì tí a ń tẹ̀ sẹ́nu nọ́ọ̀tì, tuntun ni kí ẹ fi sí i. Ìwé ọkọ̀ kọ iye tó yẹ kí a fún bóòtì kọ̀ọ̀kan. Sípánà tó ń wọn agbára la fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe gígùn apá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fítà ní iléeṣẹ́, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Bóòtì tí a fún jù bàjẹ́ bí èyí tí a kò fún tó.

Sípíríǹgì kì í ṣe ọ̀rẹ́

Nísinsìnyí, a dé orí ṣọ́ọ̀kì. Ẹ fetí sílẹ̀ níbí yìí ju ibi gbogbo lọ.

Láti yọ òpó ṣọ́ọ̀kì, ẹ óò tú bóòtì méjì tó so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin họ́ọ̀bù, ẹ óò sì tú àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké tó yí orí rẹ̀ ká lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òpó yóò bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì kan wà ní àárín gbùngbùn orí òpó náà. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Òun nìkan ló dá sípíríǹgì dúró. Sípíríǹgì tó wà nínú òpó ti súnkì pẹ̀lú agbára púpọ̀, kódà nígbà tí ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì yẹn láìdè é, yóò ta bí ọfà. Ó lè fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó lè gba ẹ̀mí.

Irin ìdè sípíríǹgì wà, méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ la ń fún wọn, kí a yí ọ̀kan díẹ̀ kí a yí èkejì díẹ̀, títí sípíríǹgì yóò fi dá dúró láìtì mọ́ ìjókòó rẹ̀. Ìgbà náà nìkan ni nọ́ọ̀tì àárín ṣeé tú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sí ọ̀kánkán orí rẹ̀. Okùn kì í ṣe irin ìdè. Wáyà tí wọ́n fi ń di irin ilé kì í ṣe irin ìdè. Ẹni tí kò bá ní irin ìdè, kó yọ òpó náà lódindi, kó gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ní in. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Méjì-méjì la ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ọ̀tún pẹ̀lú òsì. Ẹni tí ẹsẹ̀ kan gbó tí ìkejì sì jẹ́ tuntun, ṣé kò ní tiro?

Páàtì àti àwọn ẹ̀tàn

Bí a bá lọ sí Ararómi ní Gate, a ó rí tuntun, a ó rí tòkunbọ̀, a ó sì rí èyí tí wọ́n kùn ní dúdú kó lè jọ tuntun. Tòkunbọ̀ kì í ṣe èèwọ̀. Irin rẹ̀ lè dára. Ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó níbikíbi tó bá wà, àní lórí pẹpẹ. Bí ẹ bá mú bọ́ọ̀lù jọ́ìntì lọ́wọ́, ẹ yí orí rẹ̀: ó yẹ kó le díẹ̀, kó sì máa yí déédéé. Bó bá ń ṣubú sọ́tùn-ún sósì fúnra rẹ̀, ẹ dá a padà. Ṣọ́ọ̀kì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: kò yẹ kó já lójijì níbì kankan, kò yẹ kí òróró wà lára ọ̀pá rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀ka yìí kọ̀ pátápátá. Fífi iná gáàsì yan sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀: irin tí iná ti mú kò ní agbára rẹ̀ mọ́. Lílu ẹnu bọ́ọ̀lù jọ́ìntì pọ̀ kó lè mú orí rẹ̀ le: ọjọ́ mélòó kan ló ń rà, ẹ̀mí èèyàn ló sì fi ń rà á. Jíjó apá tó ti sán: bó bá tún sán, lójú ọ̀nà ni. Búṣìn tí wọ́n gé lára táyà àlòkù: bó bá jẹ́ láti dé ilé lọ́nà jíjìn, a ò ní bá yín jà, láti fi kó èrò, rárá.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí

Ẹ wọn ìlà táyà kí ẹ tó jáde. Ẹ tọ́ sítíárìn sí gbọọrọ. Ẹ fi ẹfun sàmì sí àárín táyà méjèèjì níwájú, ní ìwọ̀n gíga họ́ọ̀bù, kí ẹ fi téèpù wọn àyè tó wà láàrin àmì méjèèjì. Ẹ ti ọkọ̀ síwájú títí àmì náà yóò fi bọ́ sẹ́yìn ní ìwọ̀n gíga kan náà, kí ẹ tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ méjèèjì kò yẹ kó ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Bó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà kan, táyà yín ń jó lọ bí àbẹ́là. Èyí á gbé yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ àlàìǹmẹ́ǹtì. Kò rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wà á láìkó èrò, láti Mọ́lété dé Chálẹ́ńjì kí ẹ padà. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ yí kọ́nà, ẹ gba inú ihò. Bí ẹ bá padà dé, ẹ tún sípánà gbé sí gbogbo nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ẹ tún yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a ò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n, àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tiwọn. Ohun tí à ń fẹ́ ni pé kí a má ṣe jẹ́ afọ́jú lórí irin tó gbé ẹ̀mí wa.

A ní ohun mẹ́ta tí a fẹ́ kí ìpàdé yìí gbé yẹ̀ wò. Èkíní, kí a dá owó jọ ra irinṣẹ́ fún ẹ̀ka: sítáàńdì mẹ́rin, irin ìdè sípíríǹgì, sípánà tó ń wọn agbára, irin ìyọ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Ẹnìkan kò lè dá wọn rà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kí wọ́n wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ẹni tó bá yá wọn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì, kí àwọn fítà tó wà láàrin wa nínú iléeṣẹ́ máa yọ̀ǹda ọjọ́ Sátidé kan lóṣù láti kọ́ àwọn awakọ̀. Awakọ̀ ló ń gbé wọn lọ síṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn, ara wọn ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ẹ̀kẹta ló ṣe kókó jù. Awakọ̀ tó bá yẹ ọkọ̀ wò tó rí i pé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti jẹ, tó sì sọ fún ọlọ́kọ̀ pé òun ò ní fi kó èrò títí a ó fi tún un ṣe, kó má ṣe dá dúró. Kí ẹ̀ka yìí rán èèyàn méjì tẹ̀ lé e lọ bá ọlọ́kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n fi páàtì náà hàn án ní ojúkorojú. Owó páàtì, ti ọlọ́kọ̀ ni. Ọjọ́ tí ọkọ̀ fi wà lórí jáàkì nítorí ẹsẹ̀ tó jẹ, kí a má gba owó ìjíṣẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ọlọ́kọ̀ tó bá gbọ́n yóò mọ̀ pé ọkọ̀ tó dúró ọjọ́ kan sàn ju ọkọ̀ tí a fi okùn wọ́ wálé lọ.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Irinṣẹ́ díẹ̀ tí a rí yá wà lórí tábìlì lẹ́yìn, Micra kan sì wà lórí sítáàńdì níta. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wò, kó jáde ká jọ lọ nísinsìnyí, kí ilẹ̀ tó ṣú.